Ọjọ́ mẹ́wàá péré ní Nọ́wè, ẹ jọ̀ọ́ apá ibo ni kí n gbà?

Àkẹ́_Alárìnkiri

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń tọ́jú owó láti ọdún tó kọjá, a fẹ́ lọ sí Nọ́wè ní ìparí oṣù kẹfà, ọjọ́ mẹ́wàá la ní, kò lè lé. Jámánì lèmi wà, ibẹ̀ ni mo ti ń kàwé, ìwé ìgbélùú mi ṣì wà dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ló máa gba físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gbogbo fídíò tí mo wò nípa ibẹ̀, nǹkan kan náà ni. Wọ́n á gun àpáta, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹyẹ, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí, tó bá dọ̀la wọ́n ti wà lórí àpáta míì. Mi ò sọ pé òkè àti omi ò dáa o, torí ẹ̀ náà ni mo ṣe ń lọ, àmọ́ mo fẹ́ mọ ìtàn ibẹ̀ náà, mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń gbé nínú òtútù yẹn láti ayébáyé.

Ibi tí mo kọ sílẹ̀ nìyí, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: Oslo, Bergen, Geiranger, Trolltunga, Lofoten, Tromsø (torí iná aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run yẹn), Nordkapp, tí àyè bá ṣẹ́ kù ká fò dé Svalbard lọ wo béárì funfun. Ẹ̀gbọ́n mi ka list yẹn, ó ní orí mi ti dàrú.

Ṣé ọjọ́ mẹ́wàá á gbà á? Ṣé lóòótọ́ ni nǹkan wọ́n níbẹ̀ tó báwọn èèyàn ṣe ń pariwo? Ẹnì kan tún ní àwọn ará ibẹ̀ kì í kí èèyàn, wọ́n á kàn máa wo iwájú wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè wà níbi tí wọn ò ti ń kíni o, á ṣàìsàn.

Ará_Bergen

Àkẹ́, ẹ kú ìmúra. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ hahaha. Ọdún kọkànlá mi nìyí ní Bergen, ẹ jẹ́ n bá yín tú list yẹn palẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ iná ojú ọ̀run kúrò. Ní Tromsø oòrùn kì í wọ̀ rárá láti nǹkan bí ìparí oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù keje, aago méjìlá òru ẹ ó ṣì máa fọwọ́ bojú, ta ló wá ń rí iná ojú ọ̀run nínú oòrùn? Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹta ni wọ́n ń wá a, nígbà tí òru bá ṣú. Svalbard náà, ẹ fi sílẹ̀. Ti Nọ́wè ni lóòótọ́ àmọ́ kò sí nínú Schengen, ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti jáde nìyẹn, tó bá jẹ́ físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n yín, kò ní lè padà wọlé mọ́, òun àti béárì ni wọ́n á jọ máa gbé. Béárì ọ̀hún kì í sì í dúró kí wọ́n ya òun ní fọ́tò, ẹni tó bá fẹ́ jáde kúrò nínú ìlú Longyearbyen gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó máa fi lé e, ìbọn lọ̀pọ̀ wọn ń gbé kọ́ èjìká.

Èyí tó kù ni pé ilẹ̀ yẹn gùn, àwọn èèyàn kì í mọ bó ṣe gùn tó àfìgbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Oslo sí Tromsø nìkan tó nǹkan bíi 1,600 kìlómítà tẹ́ ẹ bá gba Swídìn kọjá. Òkun tún gba àárín òkè wọnú ilẹ̀ lọ káàkiri, fjord ni wọ́n ń pè é, yìnyín àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ, ti Sogn wọ inú ilẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ, ibi tó jìn jù nínú ẹ̀ ju 1,300 mítà lọ. Torí náà ìlú tẹ́ ẹ rí lórí máàpù pé ó wà nítòsí yẹn, àfi kẹ́ ẹ yí òkè po kẹ́ ẹ tún wọ ọkọ̀ ojú omi kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́wàá, fèrèsé bọ́ọ̀sì ló máa wò.

Tó bá jẹ́ èmi, ẹja ni màá tẹ̀ lé. Mi ò ṣeré o. Pánla. Ẹja yìí ló kọ́ Bergen, òun ló mú kí èèyàn lè máa gbé ní àwọn erékùṣù Lofoten láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òun ló so àríwá àti gúúsù ilẹ̀ yẹn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti Bergen níbi tí wọ́n ti ń tà á, tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí Lofoten níbi tí wọ́n ti ń sá a, òkè ńkọ́, omi ńkọ́, ìtàn ńkọ́, gbogbo ẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ẹ ò ní wá a.

Ọjọ́ méjì ní Oslo. Lẹ́yìn náà ẹ wọ rélùwéè tó ń lọ sí Bergen, wọ́n ṣí ọ̀nà yẹn ní 1909, ó ń gun òkè títí tó fi dé Finse tó ga ju òkun lọ ní 1,222 mítà, nínú oṣù kẹfà ẹ ṣì máa rí sínòó níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má dé Bergen tààrà, ẹ sọ̀ ní Myrdal, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lọ sí Flåm. Kìlómítà 20 péré ni, wákàtí kan ló ń gbà torí pé ó ń sọ̀kalẹ̀ láti 866 mítà wá sétí omi. Ó máa ń dúró níbi omi tó ń já láti òkè kan, Kjosfossen, gbogbo èèyàn á bọ́ sílẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan á yọ sórí àpáta nínú aṣọ pupa, á máa jó. Huldra nìyẹn, iwin inú igbó wọn, arẹwà tó ní ìrù màlúù tó fi pamọ́ sẹ́yìn. Lóòótọ́ òṣèré ni wọ́n gbà fún un, ariwo omi yẹn sì pọ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ ara yín, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i ara mi bù máṣọ o. Láti Flåm ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi gba Nærøyfjord, ibẹ̀ há débi pé òkè ọ̀tún àti tòsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lójú yín, UNESCO kọ òun àti Geiranger pọ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé wọn ní 2005, torí náà tẹ́ ẹ bá ti rí i ẹ ò pàdánù nǹkan kan ní Geiranger.

Bergen wá nìyí. Ẹ lọ sí Bryggen, àwọn ilé onípákó etí omi tó wà nínú gbogbo fọ́tò. Àwọn oníṣòwò Jámánì, Hansa, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí 1360, wọ́n ń gba pánla lọ́wọ́ àwọn ará àríwá, wọ́n ń fi ọkà san án, àwọn apẹja sì jẹ wọ́n ní gbèsè títí láé, gbèsè bàbá á di tọmọ. Kò gbọdọ̀ sí iná nínú àwọn ilé yẹn torí pákó ni gbogbo ẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sùn nínú òtútù láìsí iná láìsí fìtílà, yàrá kan lọ́tọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ti ń yáná tí wọ́n ti ń dáná. Wọn ò sì gbọdọ̀ fẹ́yàwó. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ iná ṣì jó o lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tẹ́ ẹ máa rí yìí, lẹ́yìn iná 1702 ni wọ́n tún un kọ́. Ẹ má dúró síwájú ẹ̀ nìkan, ẹ wọ àárín àwọn ilé yẹn, ọ̀nà ibẹ̀ pákó ni, ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ilé ọ̀tún ti fara ti tòsì bí ọ̀mùtí méjì tó ń bá ara wọn délé.

Iná míì tún jó apá kan ní 1955, nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ rune sí, ìyẹn lẹ́tà àtijọ́ wọn, iye ọjà, orúkọ ẹni tó ni ẹrù, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ rírùn. Mùsíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ báyìí, orí ibi tí wọ́n gbẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé Gyda ní kó o máa bọ̀ nílé. Ó tán. Ó ti lé ní 700 ọdún, a ò mọ ilé ọtí tí ọkọ wà, a ò mọ̀ bóyá ó lọ sílé.

Kẹ́ ẹ sì mú kòòtù òjò dání. Ó ju 200 ọjọ́ lọ tí òjò ń rọ̀ ní Bergen lọ́dún. Àgbòjò ò wúlò, atẹ́gùn á yí i sódì.

Àpò_Ò_Wúwo

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ owó torí gbogbo yín lẹ ń sáré kọjá lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan wọ́n. Ilé oúnjẹ gan-an ló máa gbé owó yín mì. Ohun témi ṣe ni pé mò ń ra búrẹ́dì àti wàrà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní wàrà kan tó pupa bí kárámẹ́lì, brunost, ó dùn ó tún níyọ̀ díẹ̀, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo rò pé ó ti bàjẹ́, nígbà tó dọjọ́ kẹta mo ti jẹ odidi kan tán. Omi ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ máa mu, ó mọ́ ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Tẹ́ ẹ bá ra mínírà, ẹ má ju ike ẹ̀ nù, ẹ̀rọ kan wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa kì í bọ̀, á dá kroner (owó wọn) méjì tàbí mẹ́ta padà fún yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pant ni wọ́n ń pè é. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kó ike fún ọjọ́ mẹ́rin, a fi ra búrẹ́dì, a ò tijú.

Tẹ́ ẹ bá lè sùn nínú tẹ́ǹtì, owó ilé ìsùn ti dínkù nìyẹn. Òfin wọn ti 1957 fún gbogbo èèyàn láyè láti rìn nínú igbó àti lórí òkè tí kì í ṣe oko ẹnì kan, kó sì pa tẹ́ǹtì síbẹ̀ fún òru méjì láìtọrọ àyè, ó kàn gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé onílé tó 150 mítà. Bàbá àgbàlagbà kan wá bá mi ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo rò pé ìjà ló bá dé, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sọ orúkọ ẹ̀ fún mi, ó rọra tọ́ka sílé ẹ̀ lẹ́yìn igi, ó ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ padà síbẹ̀ sókè ketekete kí n lè rí i pé ò pé 150. Mo kó ẹrù mi. Ó wá fún mi ní kọfí. Iná náà, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, kẹ́ ẹ má dá a nínú igbó tàbí nítòsí ẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá ń mu ọtí, ẹ tètè rà á. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń dẹ́kun títa bíà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, Sátidé aago mẹ́fà, Sọ́ńdè kò sí. Èmi gbé tèmi dé orí káńtà ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọbìnrin yẹn wò mí bí ẹni tó wá ra ìbọn. Ọtí tó bá le ju bíà lọ, ilé ìtajà ìjọba kan ṣoṣo ló ń tà á, Vinmonopolet.

Ọ̀rọ̀ ìkíni, àwọn èèyàn yẹn kì í kíni nínú bọ́ọ̀sì lóòótọ́, wọ́n á dúró kí wọ́n má bàa jókòó tì yín. Àmọ́ ẹ gun òkè báyìí, gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé pátápátá á ní "hei hei". Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín máa gun òkè.

Trolltunga, ẹ rò ó dáadáa o. Tẹ́ ẹ bá gbéra láti Skjeggedal, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 27 kìlómítà, wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, fọ́tò kan náà lẹ máa tò fún lókè. Ti Preikestolen, àpáta míì, kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kìlómítà mẹ́jọ àlọ àtàbọ̀, ó sì ga 604 mítà sókè Lysefjord. Kò sí irin ìdábùú létí ẹ̀ o, ẹ má bá ọmọ aráyé sáré débẹ̀.

Ìtàn_Adùn

Ará_Bergen, ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹja ẹja ẹja, ṣé ẹja nìkan ló wà ní Nọ́wè ni? Àkẹ́ ní ìtàn lòun fẹ́, ẹ wá ń gbé e lọ sí Lofoten, ọjọ́ méjì gbáko lọ fún ìrìn nìkan. Témi bá ni ẹ má kọjá Sogn. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onípákó wọn, stavkirke. Nígbà kan ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló wà káàkiri ilẹ̀ yẹn, 28 péré ló ṣẹ́ kù. Ti Borgund, nǹkan bí 1180 ni wọ́n gé igi ẹ̀, igi ọ̀hún ló ṣì dúró. Òde ẹ̀ dúdú, ọ̀dà igi ni wọ́n fi ń kùn ún láti ọdún dé ọdún kó má bàa jẹrà, nínú oòrùn ọ̀dà yẹn á máa rùn bí ọkọ̀ ojú omi tuntun, tẹ́ ẹ bá wo òkè òrùlé ẹ ó rí orí dírágónì tó la ẹnu jáde nígbà tí àgbélébùú wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ìyẹn gan-an nìtàn. Wọ́n ti gba ìgbàgbọ́ tuntun, ọwọ́ wọn ò tíì kúrò lára tàtijọ́ pátápátá, ó yẹ kó yé àwa náà dáadáa. Wọ́n kọ rune sára ògiri inú ẹ̀, àwọn tó ń retí kí ìwàásù parí ni mo rò, ìyẹn tèmi ni o.

Láti Flåm ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì gba Lærdal lọ síbẹ̀, ẹ ó gba inú túnẹ́ẹ̀lì tó gùn 24.5 kìlómítà kọjá, wọ́n ṣí i ní 2000. Ó gùn débi pé wọ́n gbẹ́ ihò ńlá mẹ́ta sínú ẹ̀ tí wọ́n fi iná búlúù sí bí ẹni pé ilẹ̀ ń mọ́, kí oorun má bàa gbé awakọ̀ lọ. Urnes náà wà létí fjord kan náà, òun ló tiẹ̀ dàgbà jù nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, UNESCO ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1979.

Ní Oslo, ilé àwọn ọkọ̀ Viking, àwọn jagunjagun orí omi àtijọ́ wọn, ní Bygdøy ni gbogbo èèyàn máa ń sọ fún yín, ẹ ṣọ́ra, wọ́n tì í láti tún un kọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ṣí i kẹ́ ẹ tó ná owó ọkọ̀ débẹ̀. Ẹ lọ wo Fram dípò ẹ̀, ọkọ̀ tí Nansen àti Amundsen, àwọn arìnrìn-àjò wọn tó lókìkí, gbé lọ sínú yìnyín, ẹ lè wọ inú ẹ̀ gan-an, ẹ ó rí bí yàrá tí wọ́n ń sùn sí ṣe há tó.

Ìyá_Ìbejì_Alta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o gbogbo ilé. Mò ń kà á láti àárọ̀ mò ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn Sámi, àwọn ọmọ onílẹ̀ àríwá ibẹ̀, ìyẹn ló mú mi kọ̀wé.

Alta nílé mi, lókè pátápátá níbi tí ìyàwó ilé ń sá aṣọ ní aago méjì òru torí oòrùn wà. Àkẹ́ ọmọ mi, mi ò ní kó o máa bọ̀ nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ó jìnnà, àmọ́ níbikíbi tó o bá dé ní òkè yẹn, mọ̀ pé àwọn kan ti wà níbẹ̀ kí Nọ́wè tó ń jẹ́ Nọ́wè. Ìjọba fi ọ̀pọ̀ ọdún lé èdè wọn kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn, wọn ò gbọdọ̀ sọ èdè ìyá wọn. Ìgbà tí ìjọba fẹ́ sé odò Alta láti fi ṣe iná mànàmáná ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́, láàárín 1979 sí 1981, àwọn ọ̀dọ́ Sámi febi panú níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Oslo, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin de ara wọn mọ́lẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n sé odò náà nígbẹ̀yìn. Àmọ́ láti inú ìjà yẹn ni ilé ìgbìmọ̀ Sámi tó wà ní Karasjok ti jáde ní 1989, ọba Harald sì bẹ̀ wọ́n níbẹ̀ ní 1997.

Ohun tó máa yé ẹ kíá nínú tiwọn ni joik. Orin ni, àmọ́ kì í ṣe orin nípa èèyàn, èèyàn yẹn fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń joik. Ẹnì kan lè ní tiẹ̀, odò lè ní, àgbọ̀nrín lè ní. Nígbà tí aládùúgbò mi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo ní ìyá, oríkì nìyẹn, mo sì ki ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi fún un níbẹ̀ lórí ìjókòó. Obìnrin yẹn dákẹ́ títí. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

Nǹkan méjì kó o má ṣe. Má ya ẹni tó wọ gákti, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, ní fọ́tò láìtọrọ àyè. Má sì bi ẹni tó ń da àgbọ̀nrín pé mélòó lo ní. Èmi bi ẹnì kan bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní èló ló wà nínú báńkì rẹ? Ojú tì mí. Àwa tí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Àkẹ́_Alárìnkiri

Haa ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin mà, mo ka ti oríkì yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ní kí n tún un kà.

Mo ti pa list yẹn rẹ́. Ẹ wò ó bóyá ó dáa: Oslo ọjọ́ méjì (Fram), rélùwéè dé Flåm, ká sùn níbẹ̀ ká lọ sí Borgund lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi gba Nærøyfjord, Bergen ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà... ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ìtàn_Adùn ní kí n má kọjá Sogn, Ará_Bergen ní Lofoten. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ pánla, kò gbọ́ nǹkan míì mọ́. Ṣé a máa rí ẹja yẹn ní oṣù kẹfà? Mi ò fẹ́ débẹ̀ kí n bá igi tí wọ́n ń sá a lé lófìfo.

Ará_Bergen

Ẹ fò láti Bergen lọ sí Bodø, ìyẹn ló pa ọjọ́ méjì tí Ìtàn_Adùn ń pariwo rẹ́. Láti Bodø ọkọ̀ ojú omi wà tó ń lọ sí Moskenes, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ má wọ inú lọ jókòó, ẹ dúró síta kódà tí òtútù bá ń mú. Ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ìkùukùu ló wà níwájú. Kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa rí i pé òkè ni, ó dúró gangan sójú òkun bí eyín.

Oòótọ́ ọ̀rọ̀, ní ìparí oṣù kẹfà wọ́n ti ń kó ẹja sílẹ̀, ọ̀pọ̀ igi yẹn lẹ máa bá lófìfo. Oṣù kìíní sí ìkẹrin ni ẹja ọ̀hún ń ti òkun Barents wá yé ẹyin sí Lofoten, skrei ni wọ́n ń pè é lásìkò yẹn. Wọ́n á gé orí ẹ̀, wọ́n á tú ikùn ẹ̀, wọ́n á so ó ní méjì méjì nídìí ìrù, wọ́n á gbé e kọ́ sórí igi gíga tí wọ́n ń pè ní hjell láti oṣù kejì dé ìkarùn-ún. Kò sí iyọ̀, kò sí èéfín, atẹ́gùn lásán. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ bá iṣẹ́ yẹn mu gan-an, tí òtútù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹran ẹja á dì á fọ́, tó bá móoru ju bẹ́ẹ̀ lọ eṣinṣin á bà á. Àwọn ọmọdé ló ń gé ahọ́n ẹ̀, wọ́n á fi orí ẹja gún irin, wọ́n á fà á wálẹ̀, ọ̀bẹ á kọjá lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n á jábọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, owó ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń pa. Mo dúró ti ọmọ kan tí ò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, mo ní kí n gbìyànjú. Mo gé mẹ́ta, òun ti gé ogójì.

Tí ẹ ò bá tiẹ̀ bá ẹja lórí igi, inú ilé ìkẹ́rù ló wà lásìkò yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà á sọ́tọ̀. Ọkùnrin kan á máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, á wo ikùn ẹ̀, á gbóòórùn ẹ̀, á jù ú sí ibi tó yẹ ẹ́, ọ̀nà tí wọ́n ń pín in sí tó ogún. Ìtálì ló ń gba èyí tó dáa jù, torí ọ̀gákọ̀ Venice kan, Querini, tí ọkọ̀ ẹ̀ rì, omi gbé òun àtàwọn tó kù wá sí erékùṣù Røst ní 1432, àwọn apẹja tọ́jú wọn, ó wá gbé pánla délé. Orí ẹja, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni.

Ìtàn_Adùn, tìrẹ náà wà níbẹ̀ àbúrò. Ní Borg àgbẹ̀ kan ń túlẹ̀ ní 1981, ó kan nǹkan, ilé olóyè Viking ló wà lábẹ́ oko ẹ̀, ó gùn 83 mítà, kò tíì sí èyí tí wọ́n rí tó tóbi tó o. Wọ́n ti kọ́ irú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bọ́ọ̀sì á gbé yín débẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń padà, ẹ wọ rélùwéè láti Bodø sí Trondheim, 729 kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń gùn. Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ yẹn, 1940 sí 1945, ẹlẹ́wọ̀n ogun ni wọ́n fipá mú kọ́ apá kan nínú ẹ̀, àwọn ará Soviet àti Yugoslavia, ọ̀pọ̀ kú sínú òtútù. 1962 ni ọ̀nà náà tó dé Bodø.

Ìtàn_Adùn

Mo gbà, mo gbà. Mo ti gbàgbé ilé olóyè yẹn pátápátá. Àkẹ́, tẹ́ ẹ bá ti dé Trondheim ẹ wo Nidaros kẹ́ ẹ tó fò lọ, orí sàréè ọba Olav tí wọ́n pa ní 1030 ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sí, láyé àtijọ́ ẹsẹ̀ làwọn èèyàn fi ń rìn lọ síbẹ̀ láti jìnnà réré, àwọn kan ṣì ń rìn ín.

Àpò_Ò_Wúwo

Ẹ ra ìbòjú tí wọ́n fi ń sùn o. Ní Lofoten oòrùn ò ní wọ̀, kọ́tìnnì ilé ìsùn témi dé fẹ́lẹ́ bí àwọ̀ àlùbọ́sà.

Àkẹ́_Alárìnkiri

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n béèrè nǹkan kan gbẹ̀yìn, ẹ má bínú: ṣé wọ́n ń ta orí pánla fún àlejò ní Lofoten, tàbí kóun kàn bẹ ẹnì kan?

Ará_Bergen

Hahaha. Kí wọ́n gba abúlé Å lọ, òpin títì nibẹ̀, orúkọ ẹ̀ ò ju lẹ́tà kan lọ. Mùsíọ́ọ̀mù pánla wà níbẹ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀, kí wọ́n kí i dáadáa kí wọ́n tó béèrè.